Káàtì Tí Mo Jí Ló Mú Ọmọ Ìyá Méjì Ṣá Ara Wọn

Ẹ̀jẹ̀ tí mo fẹ́ ròyìn fún yín yìí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ inú géèmù o. Ẹ̀jẹ̀ gidi ni. Ó ta sára ògiri, ó ta sójú kọ̀ǹpútà, ó ta sára bùbá mi. Mo fi ọṣẹ dúdú fọ bùbá yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, kò lọ, ni mo bá dáná sun ún.

Ẹ má tíì ṣàánú mi. Ẹ ka ọ̀rọ̀ mi tán ná.

Ràhímọ́tù ni wọ́n ń pè mí. Lẹ́bàá ọjà Ìdàáṣà, ní orílẹ̀-èdè Benin, ni mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Oníṣòwò ni àwọn baba wa, Yorùbá tó kẹ́rù wá síbẹ̀ tí kò padà sílé mọ́. Àwọn ọkùnrin á wọ ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n á wọ̀tún wòsì, wọ́n á ní, "Ọ̀gá ibí dà?" Màá ní, "Òun lẹ ń wò lójú yẹn. Ṣé kó fò kẹ́ ẹ tó mọ̀ ọ́n ni?" Ẹnu mi mú, gbogbo ọjà ló mọ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó yẹ kí ẹnu náà ṣiṣẹ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni mo pa á dé.

Èmi náà máa ń ṣe láìfù. Ìyẹn ni pé màá máa gbá géèmù lórí kọ̀ǹpútà, àwọn èèyàn níbòmíràn á sì máa wò mí lórí fóònù wọn lójú ẹsẹ̀. Géèmù ìjà ni tèmi, mo sì mọ̀ ọ́n jà. Ṣùgbọ́n èèyàn mọ́kànlá péré ló máa ń wò mí, fóònù tèmi fúnra mi sì jẹ́ méjì nínú wọn.

Évariste ló máa ń jẹ́ kí inú bí mi. Ọmọ Ìdàáṣà pọ́nńbélé ni, ilé wọn wà lẹ́sẹ̀ òkè, oko wọn wà ní Tré. Géèmù ìbọn ni tirẹ̀. Tó bá ti yìnbọn pa ẹnì kan, á fi èdè Ìdàáṣà bú u, á fi Faransé lé e, àwọn tó ń wò ó á máa rẹ́rìn-ín. Ọ̀ọ́dúnrún èèyàn! Kò mọ géèmù tó mi, mo fi Ọlọ́run búra. Àmọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ ju tèmi lọ fíìfíì.

Òun àti àbúrò rẹ̀ Landry ló jọ ra kọ̀ǹpútà ọ̀hún. Iṣu ọdún méjì ni wọ́n tà. Landry ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ebè náà, torí kò sẹ́ni tó lè bá a kọ ebè ní Tré. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tó fi òógùn ara rẹ̀ ra ohun tí ẹlòmíràn ń lò.

Ó rẹ́rìn-ín. "Tàǹtí Ràhí, orí Fòfó mi ló pé fún nǹkan yẹn. Èmi, ọkọ́ ló mọ ọwọ́ mi." Fòfó ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n lọ́kùnrin lọ́dọ̀ wa.

Nígbà ọyẹ́, Évariste gbé kọ̀ǹpútà náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Eruku pupa ti dí gbogbo inú rẹ̀. Ó ní kí n bá òun gbọ̀n ọ́n, òun ń bọ̀ wá gbé e lọ́jọ́ kejì.

Àṣé èṣù ti jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù dè mí.

Mo ní káàtì kan nínú dúrọ́ọ̀ mi. Káàtì ni pátákó inú kọ̀ǹpútà tó ń ya gbogbo àwòrán tí ojú ń rí, àwọn oníwèé ń pè é ní carte graphique. Ọkùnrin kan ló tà á fún mi ní Kútọnu, ó lu mí ní jìbìtì. Orúkọ ńlá ni wọ́n kọ sí i lára, orúkọ ńlá náà ni kọ̀ǹpútà máa ń kà jáde, ṣùgbọ́n káàtì àtijọ́ aláìlágbára ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti yí i padà kó máa purọ́ fún kọ̀ǹpútà. Oṣù méjì ni mo fi sunkún lórí ẹ̀.

Mo tú ti Évariste. Mo gbé káàtì rẹ̀ sórí tábìlì, mo gbé tèmi tì í. Ike dúdú kan náà. Fáànù méjì kan náà. Orúkọ ńlá kan náà lára méjèèjì. Èyí kan ń purọ́, èkejì ń sọ òótọ́.

Mo dìde, mo lọ ti ilẹ̀kùn.

Mo sọ fún ara mi pé mo kàn fẹ́ dán an wò ni. Irọ́ ni! Ẹni tó kàn fẹ́ dán nǹkan wò, kí ló ń tilẹ̀kùn lọ́sàn-án gangan fún?

Nígbà tí Évariste dé lọ́jọ́ kejì, kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń dán, ṣùgbọ́n káàtì òpùrọ́ mi ló wà nínú rẹ̀, tirẹ̀ ti wà nínú tèmi. Ó wo orúkọ káàtì lójú rẹ̀, orúkọ tó mọ̀ ló rí. "Ràhí, ọwọ́ rẹ dára," ló wí. Ó gbé iṣu mẹ́rin kalẹ̀ fún mi. Mo gba iṣu náà o. Mo sè é, mo jẹ ẹ́.

Lọ́sẹ̀ yẹn, géèmù mi ń yọ̀ geere bí ẹni da epo sí i. Èèyàn mọ́kànlá di ogójì, ogójì di àádọ́rùn-ún. Mo ń fò sókè nínú ṣọ́ọ̀bù bí ọmọ kékeré.

Kò ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ tí Évariste fi pè mí lórí fóònù.

"Ràhí, gbà mí. Eré ń lọ dáadáa lójú tèmi, ṣùgbọ́n àwọn tó ń wò mí ní àwòrán ń dúró gbagidi. Mo wo agbára tí káàtì ń lò. Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún!"

Mo lọ. Mo jókòó tì í, mo sì ṣe bí ọ̀gá tó mọṣẹ́.

"Ṣó o rí i," ni mo wí, "iṣẹ́ méjì ni káàtì ń ṣe. Ó ń ya géèmù fún ọ, ó sì ń to àwòrán láìfù jọ fún àwọn èèyàn. Tí géèmù bá ti jẹ gbogbo agbára rẹ̀ tán, kí ló kù tí láìfù máa jẹ?"

"Kí la wá fẹ́ ṣe?"

Mo dín iye àwòrán tí géèmù ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan kù sí ọgọ́ta. Mo pa òjìji àwọn igi rẹ̀, mo dín koríko rẹ̀ kù. Mo sọ àwòrán láìfù di kékeré. Mo gbé iṣẹ́ dídi àwòrán kúrò lọ́rùn káàtì, mo gbé e fún ọpọlọ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Ó bọ́ sí ọgọ́rin. Évariste pàtẹ́wọ́.

Gbogbo ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ náà ló jẹ́ òótọ́, ẹ lọ bi oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà yòówù. Ohun kan ṣoṣo tí mo fi pamọ́ ni ohun tó ń pa á.

Ọjọ́ mẹ́rin, ó tún gòkè. Mo padà lọ. Mo fọ eruku, mo pààrọ̀ ọ̀dà tó ń mú káàtì tutù, mo ní kó ṣí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ó bọ́ sílẹ̀, ó tún gòkè. Évariste bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ó ń fi ọwọ́ gbá tábìlì, ó ń bú mọ́tò tó ń kọjá.

"Ràhí," ló wí lọ́jọ́ kan, "ṣé nǹkan mìíràn wà tó lè máa jẹ agbára káàtì láìjẹ́ pé mo mọ̀?"

"Ó wà," ni mo dáhùn. "Àwọn ètò burúkú kan wà tí wọ́n máa ń sá pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n á máa lo káàtì onílé láti fi ṣiṣẹ́ fún ẹni tó fi wọ́n síbẹ̀."

"Ẹni tó fi wọ́n síbẹ̀?"

Mo ń yí ìṣó kan tí kò nílò yíyí.

"Landry nìkan ló máa ń jókòó sí i tí mi ò bá sí nílé," ló wí. "Ó ní fíìmù lòun ń wò. Ó sì ti ń ráhùn láti ìjẹta pé òun nìkan ló ń kọ ebè."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò pe Landry lólè. Mi ò sọ pé òun ni. Ohun tí mo sọ kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ.

"Hẹn-ẹn," ni mo wí.

Lọ́jọ́ kejì Landry wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ètè rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ kan ti dí. Évariste ti gbá a létí níwájú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lóko, ó sì ti fi bẹ́líìtì lé e.

"Tàǹtí, ẹ dákun, ẹ bá mi bá Fòfó sọ̀rọ̀. Mo ti fi sàréè bàbá wa búra fún un, kò gbà. Ẹ sọ fún un pé mi ò fi nǹkan kan síbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ inú ẹ̀."

Káàtì wọn ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn mi bó ti ń sọ̀rọ̀ yẹn. Mo ń gbọ́ ariwo fáànù rẹ̀.

"Màá bá a sọ̀rọ̀," ni mo dá a lóhùn.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Lójoojúmọ́ ni mò ń wí pé lọ́la ni màá dá káàtì náà padà. Èèyàn tó ń wò mí ti di ọgọ́fà. Mo ní kí n ṣe ti ọ̀la yìí kan ná.

Ọjọ́ Àìkú kan ni ọ̀rọ̀ dópin. Àwọn kan ní Kútọnu tó ń kó àwọn elére jọ ti sọ fún Évariste pé tí láìfù ọjọ́ yẹn bá lọ láìdúró, àwọn á mú un mọ́ra. Òun àti ọkùnrin kan láti Parakou ni wọ́n fẹ́ jọ kojú ara wọn ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀rù Ọlọ́run bà mí. Mo tú káàtì náà kúrò lára kọ̀ǹpútà mi, mo fi gèlè mi dì í, mo kó o sínú báàgì. Mo ní tí mo bá dé ibẹ̀, màá ní kí n fọ eruku díẹ̀, màá sì yára pààrọ̀ rẹ̀ padà. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Nígbà tí mo dé, Landry wà lágbàlá, ó ń gúnyán. Ìyá wọn, Màmá Perpétue, kò tíì dé láti ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Landry kí mi. Ojú rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ san.

Évariste ti jókòó. Ó ti so gbohùngbohùn mọ́ ẹnu.

"Jẹ́ kí n fọ káàtì yẹn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá," ni mo wí.

"Ràhí, má fọwọ́ kàn án! Mo ti bẹ̀rẹ̀. Irínwó èèyàn ló ń wò. Jókòó síbẹ̀ kó o máa bá mi wo agbára ẹ̀."

Mo jókòó. Mo gbé báàgì lé itan.

Wákàtí àkọ́kọ́, ó wà ní ọgọ́rin ó lé díẹ̀. Ìbọn ń dún, Évariste ń bú ará Parakou, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí ogun gbóná tí ilé bẹ̀rẹ̀ sí í wó nínú géèmù, ó di márùndínlọ́gọ́rùn-ún. Ó di méjìdínlọ́gọ́rùn-ún. Ó di mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún, kò sọ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wò bẹ̀rẹ̀ sí í ya lójú kọ̀ǹpútà. "Àwòrán ti dúró o!" "Kò sí nǹkan tá à ń rí!" Ọ̀kan kọ ọ́ pé, "Ará Ìdàáṣà, ṣé òkúta òkè yín lẹ fi ṣe kọ̀ǹpútà ni?" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín báyìí. Irínwó di igba. Ará Kútọnu kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀: "A ti rí i. Ẹ ṣeun."

Évariste yọ gbohùngbohùn, ó fi í lu ògiri. Ó bọ́ síta.

Mo gbọ́ tí odó ṣubú. Mo gbọ́ tí Landry ní, "Fòfó, kí ló dé? Kí ni mo ṣe?" Évariste ti fa kọ́là ẹ̀wù rẹ̀, ó wọ́ ọ wọ yàrá. Ọmọ odó tí iyán ṣì lẹ̀ mọ́ lórí wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì.

"Yọ ọ́!" ló ń pariwo. "Yọ ohun tó o fi síbẹ̀!"

"Mi ò fi nǹkan kan síbẹ̀!"

"O fẹ́ bà mí láyé jẹ́! Torí o kọ ebè! Ọwọ́ wo lo fi ṣe é? Èyí?" Ó tẹ ọwọ́ ọ̀tún Landry mọ́ tábìlì.

Landry kò bá a jà. Èyí ló ń dùn mí jù. Ó lágbára ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ lọ́nà méjì, ó sì dúró. Èmi ló yíjú sí.

"Tàǹtí! Ẹ sọ fún un! Ẹ sọ fún un!"

Báàgì wà lórí itan mi. Kí n ṣáà ṣí i. Kí n ṣáà tú gèlè. Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ni: "Èmi ni mo jí káàtì."

"Évari, jọ̀ọ́," ni mo wí.

Ó gbé ọmọ odó sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀.

Mi ò lè ṣàpèjúwe ìró náà fún yín, ẹ má bi mí. Landry kígbe, ohùn rẹ̀ kò dà bí ohùn èèyàn. Évariste tún gbé e. Mo pariwo pé, "Ó tó! Ó tó! Wàá pa á!" Ó sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì sórí ìka tó ti fọ́.

Landry já ara rẹ̀ gbà, ó sá jáde. Évariste fara ti ògiri, ó ń mí helehele. Mo rò pé ó ti parí. Mo tiẹ̀ ń wí nínú mi pé, báyìí kí n yára pààrọ̀ rẹ̀ kí Màmá tó dé. Ẹ gbọ́ ìyẹn ná! Ẹ gbọ́ irú èèyàn tí mo jẹ́!

Landry padà wọlé pẹ̀lú àdá.

Ọwọ́ òsì ló fi mú un. Ọ̀tún rọ̀ dirodiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ṣá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti èjìká dé àyà. Ẹ̀jẹ̀ tú jáde bí omi ẹ̀rọ, ó bá mi lójú, ó bá mi lẹ́nu. Évariste ṣubú lé tábìlì. Landry tún gbé àdá sókè, mo kọ lu ẹsẹ̀ rẹ̀, a jọ ṣubú, àdá fò lọ sábẹ́ ibùsùn. Ká ní ọwọ́ ọ̀tún ló fi mú àdá yẹn ni, òkú là bá gbé.

Ibi tá a wà nílẹ̀ nìyẹn tí Màmá Perpétue wọlé, tòun ti ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà lọ́rùn.

"Yéè! Jésù o! Màríà o! Ẹ̀yin ọmọ mi!"

Kò fi igbe ṣòfò. Ó kúnlẹ̀ ti Évariste, ó fi ọwọ́ di ojú ọgbẹ́. "Aṣọ! Ẹ fún mi láṣọ!" Ó rí etí gèlè tó yọ lẹ́nu báàgì mi. Mo na ọwọ́ láti gbà á, ó ti fà á. Gèlè tú. Káàtì já bọ́ sílẹ̀, gbà, sínú ẹ̀jẹ̀.

Ó ki gèlè mọ́ ọgbẹ́. Ó fẹ́ fi ọwọ́ kejì ta káàtì náà nù. Ó dúró. Ó gbé e.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Àáró ni àwọn ará òkè Ìdàáṣà fi ń ṣiṣẹ́ oko. Ogún, ọgbọ̀n èèyàn á péjọ sóko ẹnì kan lónìí, sóko ẹlòmíràn lọ́la. Kí ọkọ́ èèyàn má bàa bá tẹlòmíràn lọ, ilé kọ̀ọ̀kan ní àmì tí wọ́n ń fi irin gbígbóná jó sára èèkù. Ó ti wá mọ́ Màmá Perpétue lára débi pé kò sí ohun tó wọ ilé rẹ̀ tí kì í jó àmì sí, odó ni o, àpótí ìjókòó ni o. Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ gbé kọ̀ǹpútà dé, ó bi wọ́n pé èwo ló níyì jù nínú rẹ̀. Wọ́n tú káàtì fún un. Kí wọ́n tó yíjú padà, màmá ti fi ọ̀bẹ gbígbóná jó ìlà mẹ́ta sí etí ike rẹ̀, ó fi ọ̀kan dábùú wọn.

Mo ti rí ìlà yẹn o. Mo rò pé ooru ló yọ́ ike náà. Ọmọ ọjà ni mí, kí ni mo mọ̀ nípa èèkù ọkọ́?

Ó wo káàtì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo kọ̀ǹpútà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí káàtì mìíràn ń yí fáànù nínú rẹ̀. Ó wò mí.

"Ràhímọ́tù. Kí ni àmì ilé mi ń wá nínú báàgì rẹ?"

Mo fi ọwọ́ nu ẹ̀jẹ̀ lójú.

"Mo ní kí ni nǹkan àwọn ọmọ mi ń wá nínú báàgì rẹ!"

Landry gbé orí sókè nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Évariste la ojú. Láìfù ṣì ń lọ, gbohùngbohùn tó lu mọ́ ògiri kò sì bàjẹ́. Èèyàn tó ṣẹ́ kù lórí rẹ̀ ń gbọ́ wa, ọ̀kan nínú wọn sì gbà á sílẹ̀ sórí fóònù, torí ní ọjọ́ kejì, gbogbo ọjà ló gbọ́ bí mo ṣe ń kálòlò.

"Mo fẹ́ dá a padà ni, Màmá. Mo fẹ́..."

Ó fi káàtì náà gbá mi lójú. Etí rẹ̀ là mí lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó tún gbá mi, eyín mi kan bọ́. Ó fi orí mi lu ẹsẹ̀ tábìlì, ó ń gbá mi bẹ́ẹ̀, ó ń pe orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí àwọn aládùúgbò fi dé. Mi ò dáàbò bo ara mi. Ìyẹn nìkan ni mo ṣe tó dára lọ́jọ́ yẹn.

Ọjọ́ kẹta, Màmá Perpétue ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá sílé ìwòsàn. Ibùsùn méjì ló wà nínú yàrá, Évariste lórí ọ̀kan, Landry lórí èkejì. Wọ́n kọ̀yìn síra wọn.

"Dúró sáàárín wọn," ni Màmá wí. "Sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Mo sọ ọ́. Mo sọ ti ọkùnrin Kútọnu, mo sọ ti ilẹ̀kùn tí mo tì. Mo sọ pé mo ní "Hẹn-ẹn."

Mi ò tíì sọ ọ́ tán tí Évariste fi fò sókè. Okùn tí wọ́n fi rán àyà rẹ̀ ń já, kò bìkítà. Ó fún mi lọ́rùn mọ́ ògiri. "Ìwọ lo mú kí n pa ọwọ́ àbúrò mi! Ìwọ! Màá pa ọ́!" Ojú mi ṣókùnkùn. Mo rò pé mo ti kú, mo sì gbà pé ó tọ́ sí mi.

"Fi í sílẹ̀."

Landry ló sọ̀rọ̀. Kò yíjú padà.

"Landry, òun ló..."

"Mo ní fi í sílẹ̀. Ó jalè, ó purọ́. Ṣùgbọ́n kò nà mí. Mo fi sàréè bàbá wa búra fún ọ, ìwọ ọmọ ìyá mi. Ọ̀rọ̀ ẹnu ará ọjà lo gbà gbọ́."

Ọwọ́ Évariste jábọ́ lọ́rùn mi. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. Landry kò yíjú.

Ọdún kan àti oṣù mélòó kan ti lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn àgbà ilé méjèèjì jókòó lé e, wọ́n bá mi wí bí wọ́n ti fẹ́. Kò sẹ́ni tó ń gbé kọ̀ǹpútà wá fún mi mọ́, mo ti ti ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi dákẹ́, ọwọ́ ẹlòmíràn ló bá a lọ. Ìka Landry kò ká mọ́. Kò lè di ọkọ́ mú. Kpingni ló ń gbé báyìí, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ó ń ṣa kaṣú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, tí ohun tí kì í ṣe tiyín bá wà nínú báàgì yín, ẹ yọ ọ́ síta nígbà tí ariwo ṣì jẹ́ ariwo ẹnu. Ojú á tì yín. Ojú títì kì í ṣẹ́ ìka.

Mo lọ bẹ Landry ní Kpingni. Mo rò pé yóò fi ajá lé mi. Ó gbé àpótí fún mi, ó bu omi fún mi mu. "Tàǹtí, ẹ ti sọ ọ́, ó ti tán," ló wí. Ó dárí jì mí, èmi olè. Nígbà tí mo dárúkọ Évariste, ó dìde, ó lọ sábẹ́ igi kaṣú.

Nígbà òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí, Évariste wá sílé wa. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó, ó ti sanra ní èjìká. Òun nìkan ló ń roko Tré báyìí.

"Ràhí, mo mọ̀ pé ìwọ ló máa ń gbà láti rí. Bá mi sọ fún un pé mo ti kọ ebè tirẹ̀ mọ́ tèmi. Mi ò fi ọ̀kan sílẹ̀. Kó wá wò ó, bí kò tiẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀."

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Kpingni. Mo jíṣẹ́ náà fún Landry bó ti wà. Ó ń fi ọwọ́ òsì ṣa kaṣú rẹ̀ lọ.

"Tàǹtí, ṣé ẹ ti jẹun?" ló wí.

"Landry, ẹ̀gbọ́n rẹ ní..."

"Wọ́n se ẹ̀wà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bù fún yín."

Mo jẹ ẹ̀wà náà. Nígbà tí mo dé títì Ìdàáṣà, Évariste dúró síbẹ̀, ó ń dúró dè mí nínú òjò. Ó sáré wá bá ọ̀kadà kí n tó sọ̀ kalẹ̀.

"Kí ló wí? Ràhí, kí ló wí?"

Ó wù mí kí n purọ́. Ọlọ́run ń gbọ́, kò tíì sí irọ́ tó wù mí tó báyẹn rí. Kí n ṣáà ní, "Ó ní òun ń bọ̀." Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi.

"Kò wí nǹkan kan, Évari," ni mo dá a lóhùn. "Ẹ̀wà ló fún mi."

Ó mi orí. Ó gbé ọkọ́ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó gba ọ̀nà Tré lọ.